Igun Ni A Fi Ń Mọ Lẹ́ńsì

Àmì kékeré tó máa ń wà lábẹ́ ọ ni à ń wá. Bí ó bá sọnù, ojú ò ní lè fìyàtọ̀ sáàárín owó àti ọwọ́. Ọ̀gá ayàwòrán kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí Fọlágbádé, ti ya ògiri ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó ti gbé àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń fẹ̀ ẹ́ lójú títí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà náà. Àwa mẹ́ta la forí jọ síbẹ̀: òun, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, àti èmi.

"Ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó sì dúró lórí ìkẹrin. Ó sún mọ́ ọn, ó tún fà sẹ́yìn. "Ọ̀gá, mi ò mọ̀ bóyá oko ni àbí ọkọ."

Ọ̀gá rẹ̀ ò bá a wí. Ó fa ìwé kan jáde, ó kọ ọ́ síbẹ̀: *F2.8, ìsàlẹ̀ ọ̀tún, kò sí àmì.*

Òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí ọdún Òjúde Ọba pé. Lẹ́ńsì wáìdì mẹ́ta ló wà lórí tábìlì, ọ̀gá yìí sì fẹ́ mọ èyí tí ó máa gbé lọ, àti ohun tí ó máa gbé kọ̀ọ̀kan lé lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ti dé Òjúde Ọba rí á mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì wáìdì fi le níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe é, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin wọlé, ìbọn ìbílẹ̀ á máa dún, àwọn regbéregbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gbà, á sì máa kọjá níwájú Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, lọ́kọ̀ọ̀kan: Gbọ́baníyì, Bọ́bakẹ́yẹ, Bọ́bagbìmọ̀, Jagunmólú, àti àwọn yòókù. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní aṣọ tirẹ̀, èrò sì pọ̀ débi pé kò sí ẹ̀yìn tí ayàwòrán lè fà sí. Bí ó bá fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí lẹ́ńsì tó ń rí ibi gbígbòòrò láti ìtòsí fi di dandan.

Ní Òjúde Ọba ọdún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin rẹ̀ kárí ayé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwòrán ẹnì kan ṣoṣo tó gba àárín fótò nìyẹn, ó sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀gá yìí yàtọ̀. Ẹgbẹ́ ló máa ń yà, ọgbọ̀n ènìyàn, ogójì ènìyàn, nínú àwòrán kan. Nínú àwòrán ẹbí, bàbá àti ìyá ló máa ń jókòó láàárín, àwọn ọmọdé á dúró létí. Àmọ́ nínú regbéregbé kò sí àgbà, kò sí ọmọdé. Ọ̀gbà ni gbogbo wọn. Iye kan náà ni wọ́n dá, aṣọ kan náà ni wọ́n rà. Ẹni tó dúró ní ìpẹ̀kun ìlà lẹ́tọ̀ọ́ sí ojú ara rẹ̀ bí ẹni tó wà láàárín ṣe lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Mo mọ bí ó ṣe ń rí tí ẹ̀tọ́ yẹn bá sọnù. Àwòrán ẹgbẹ́ ìyá mi wà lára ògiri pálọ̀ wa títí di òní, ó ti tó ogún ọdún. Àwọn tó wà láàárín mọ́lẹ̀ kedere, o lè ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn. Ìyá mi ló kẹ́yìn lápá òsì. Ojú rẹ̀ rí bí búrẹ́dì tí a rì sómi. Gèlè rẹ̀ la fi ń dá a mọ̀. Ẹni tó ya fótò náà gba owó rẹ̀ pé, àárín nìkan ló sì ṣiṣẹ́ fún.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé ọ̀gá kan wà tó máa ń yẹ igun lẹ́ńsì wò kí ọdún tó dé, mo ní kí ó jẹ́ kí n wá wòran.

Ògiri búlọ́ọ̀kù tí a kò tíì rẹ́ ló ń lò. Ìlà búlọ́ọ̀kù ń lọ gbọọrọ ní ìbú àti ní òró, èyí á sì fi hàn bí lẹ́ńsì bá ń tẹ ohun tó tọ́. Ó ti fi kọ̀ǹpútà tẹ àwọn ọ̀rọ̀ kan jọ, òjò àti ọjọ́, oko àti ọkọ, owó àti ọwọ́, sá àti ṣá, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde gàdàgbà lórí ìwé fífẹ̀ márùn-ún tó dọ́gba. Ó lẹ ọ̀kan mọ́ àárín ògiri, ó lẹ mẹ́rin yòókù mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ibi tí kámẹ́rà máa rí. Ọ̀rọ̀ ìṣirò wà nínú rẹ̀. Lẹ́ńsì 16mm tó dúró ní mítà méjì sí ògiri á rí mítà 4.5 ní ìbú. Kámẹ́rà rẹ̀ máa ń pín ìbú yẹn sí ojú píksẹ̀lì 6,000, nítorí náà píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mìlímítà kan. Àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà méjì. Bí lẹ́ńsì bá dára, píksẹ̀lì méjì tàbí mẹ́ta á gbé àmì náà. Bí kò bá dára, àmì náà á yọ́ mọ́ funfun ìwé.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ó yọ ìwé àárín, ó mú dígí pẹlẹbẹ kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí kámẹ́rà lórí sítáǹdì. Ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí ojú lẹ́ńsì náà gan-an nínú dígí, láàárín gbùngbùn ohun tí kámẹ́rà ń rí. Bí lẹ́ńsì bá rí ara rẹ̀ láàárín, a jẹ́ pé ó kọjú sí ògiri gbọọrọ, kò dagun. Bí ó bá dagun, igun kan á sún mọ́ kámẹ́rà ju ìkejì lọ, ènìyàn á wá máa dá lẹ́ńsì lẹ́bi ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Nígbà tó tọ́, ó yọ dígí kúrò, ó fi ìwé rọ́pò rẹ̀, ó ní kí kámẹ́rà yà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí ìka má baà mì ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tún fókọ́ọ̀sì ṣe láàárín wọn, torí ó lè jẹ́ pé fókọ́ọ̀sì ló ṣìnà kì í ṣe gíláàsì.

Tòkúnbọ̀ ni lẹ́ńsì àkọ́kọ́, súùmù tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣí ihò rẹ̀ tán ní F2.8, àárín mú dáadáa, gbogbo àmì pé. Igun òsì kò burú. Igun ọ̀tún ló dá ọmọ iṣẹ́ dúró. Lẹ́tà náà ní òjìji, àwọ̀ elésè àlùkò sì ń ṣẹ́jú létí rẹ̀ lápá kan, àwọ̀ ewé lápá kejì. Bí òsì bá mú tí ọ̀tún kò mú, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹni tó ya àpẹẹrẹ lẹ́ńsì náà. Ti lẹ́ńsì kan ṣoṣo yẹn ni. Gíláàsì kan nínú rẹ̀ ti yẹ̀ díẹ̀. Ọ̀gá ní ó já bọ́ rí, lọ́dún kan, lórí pèpéle ìgbéyàwó. Ara rẹ̀ ò fọ́, kò sì sí ohun tó hàn lójú. Igun yẹn nìkan ló ń sọ ọ́.

Ìkejì jẹ́ 14mm olówó pọ́ọ́kú, tí ọwọ́ ni a fi ń yí fókọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó ní láti sún sítáǹdì síwájú di mítà 1.75 kí àwọn ìwé tó lè padà bọ́ sí igun. Ẹnu yà mí. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló mú, gbogbo ọkọ ni ó jẹ́ ọkọ. Àmọ́ ìlà búlọ́ọ̀kù òkè, tó tọ́ gbọọrọ lójú wa, tẹ̀ nínú àwòrán: ó lọ sílẹ̀, ó gòkè, ó tún lọ sílẹ̀, bí ìgbì ọ̀sà. Lẹ́ńsì yìí ń ríran, ṣùgbọ́n ó ń yí ohun tó rí padà.

Ìkẹta ni súùmù tuntun, 16 sí 35mm, tó ná an lówó gọbọi. Ní F2.8, àmì inú igun ṣú díẹ̀, a ṣì lè kà á. Ó pa ihò kù sí F5.6, àmì náà yọ. Ní F8 mi ò mọ igun yàtọ̀ sí àárín mọ́.

Mo ní kí ó pa ihò náà kù sí i, sí F22, kí ó lè mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yà á, ó sì jẹ́ kí n wò ó fúnra mi. Gbogbo ìwé náà ló ti rọ̀, àárín àti igun. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ojú ihò tóóró kọjá máa ń fọ́n ká, bí omi ṣe ń fọ́n ní ẹnu rọ́bà tí a fi ìka dí. Ní F8, ojú kan ṣoṣo tó yẹ kó jẹ́ ṣóńṣó á fẹ̀ tó ìdá mọ́kànlá nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan. Ní F22 á fẹ̀ tó ọgbọ̀n. Píksẹ̀lì kámẹ́rà rẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ. Kò sí gíláàsì tó lè wo ìyẹn sàn, torí ẹ̀dá ìmọ́lẹ̀ ni. Èyí ló fà á tí F8 fi jẹ́ ibi ìsinmi rẹ̀.

Kí ló dé tí igun fi ń fún lẹ́ńsì wáìdì níṣòro? Lẹ́ńsì 50mm ń rí nǹkan bí ìwọ̀n 47 láti igun dé igun. 24mm ń rí 84, 16mm ń rí 107. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ wá sí àárín ń wọlé tààrà bí àlejò tó gba ẹnu ọ̀nà. Èyí tó ń lọ sí igun ń wọlé ní ìdagun, gíláàsì sì ní láti tẹ̀ ẹ́ gan-an kó tó lè dé ibi tó ń lọ. Pupa, ewé àti búlúù kì í tẹ̀ bákan náà, ibẹ̀ ni àwọ̀ elésè àlùkò ti ń yọ létí lẹ́tà. Lẹ́yìn ìyẹn, àbùdá lẹ́ńsì ni kí ó tẹ́ àwòrán rẹ̀ sínú ohun tó kòtò bí inú igbá, bẹ́ẹ̀ sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ. Joseph Petzval, onímọ̀ ìṣirò ará Hungary tó ṣe lẹ́ńsì rẹ̀ olókìkí ní Vienna ní 1840, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe kòtò náà títí di òní.

Dígí inú kámẹ́rà tún dá kún un. Kámẹ́rà tó ní dígí tó ń fò sókè nílò àyè lẹ́yìn lẹ́ńsì, lẹ́ńsì wáìdì sì fẹ́ sún mọ́ fíìmù pẹ́kípẹ́kí. Ní 1950, Pierre Angénieux ní ilẹ̀ Faransé gbé 35mm kan jáde tó ní gíláàsì ńlá níwájú láti ti àwòrán sẹ́yìn. Ọgbọ́n yẹn ló wà nínú wáìdì tí àwọn ayàwòrán wa ń gbé kọ́rùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Nikon gbé 14 sí 24mm F2.8 rẹ̀ jáde ní 2007, ẹnu ya àwọn ayàwòrán sí bí igun rẹ̀ ṣe mú. Gíláàsì mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ wú síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò kan. Ní 2020 ilé iṣẹ́ náà tún ṣe irú rẹ̀ fún kámẹ́rà tí kò ní dígí. Àyè tó wà láàárín lẹ́ńsì àti sẹ́ńsọ̀ ti dín láti mìlímítà 46.5 sí 16, lẹ́ńsì náà sì wá wọn 650 gíráàmù. Ìgbà tí a gbé ìdènà kúrò, ẹrù fúyẹ́.

Ọ̀gá ò dúró sórí ìwé. Ó ní dúdú lórí funfun rọrùn fún gíláàsì, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wọ̀ lọ sí Òjúde Ọba. Ó wọlé, ó mú ìpele ẹtù kan jáde, ó sì gbé e kọ́ sí igun ọ̀tún. Ẹ mọ ẹtù: aró dúdú kirikiri, pẹ̀lú ìlà búlúù fífúyẹ́ tín-ín-rín tó ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Lẹ́ńsì tó ń ka lẹ́tà lè pa ìlà ẹtù rẹ́ pátápátá, á wá sọ ọ́ di aṣọ dúdú lásán. Ní F2.8, lẹ́ńsì kẹta pàápàá pàdánù ìlà náà ní igun. Ní F8 ó dá a padà. Ọmọ iṣẹ́ ka ìlà mẹ́tàdínlógún láàárín ibi tí ó fi ìka tọ́, ó lọ sídìí aṣọ náà gan-an, ó tún un kà, ó sì jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọ̀gá fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó ń wá yìí. Nígbà tí Robert Farris Thompson, ará Amẹ́ríkà, ń béèrè lọ́wọ́ àwọn Yorùbá ohun tó ń mú ère dára lójú wọn, ìfarahàn wà lára ohun tí wọ́n sọ fún un: kí ìpénpéjú, kí ilà ojú, kí ọ̀nà irun ṣe é rí kedere. Ní 1978, nínú ìwé ìròyìn African Arts, Stephen Sprague fi ìlànà yẹn wo fótò àwọn Yorùbá. Ọ̀gá tí mò ń sọ yìí kò mẹ́nu kan ìkankan nínú wọn, ṣùgbọ́n ìfarahàn ló ń wá pẹ̀lú dígí àti ìwé fífẹ̀ márùn-ún.

Mímú nìkan kò tó. Ó fi èyí hàn mí pẹ̀lú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kan. Ó gbé e sí àárín, ó ya. Ó gbé e sí etí, ó ya. Ní 16mm, bọ́ọ̀lù etí náà mú kedere, àmọ́ ó ti fẹ̀ bí ẹyin: ìbú rẹ̀ di ìlọ́po kan àti ààbọ̀ gíga rẹ̀. Ní 24mm ó fi ìdá mẹ́rin fẹ̀ jù. Ní 35mm, díẹ̀ báyìí ni. Ẹ fi orí ènìyàn rọ́pò bọ́ọ̀lù, ẹ fi gèlè lé e, ẹ ó rí i pé lẹ́ńsì tó mú lè bu ènìyàn kù ju èyí tó ṣú lọ. Nítorí náà ó pinnu: 24mm lórí lẹ́ńsì kẹta, F8, kí ẹni ìkẹyìn má sì dé etí gan-an. Etí fún kánópì àti igi. Ènìyàn gbọ́dọ̀ wà nínú.

Ó tún rí nǹkan kan nínú lẹ́ńsì náà. Bí ó bá yí fókọ́ọ̀sì kọjá ògiri díẹ̀, igun á mú sí i, àárín á rọ̀ díẹ̀. Kòtò igbá nìyẹn: etí ohun tí lẹ́ńsì ń rí kedere tẹ̀ wá sọ́dọ̀ kámẹ́rà. Pẹ̀lú F8 kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Àmọ́ lábẹ́ kánópì tó ṣókùnkùn, tó bá di F4, ó máa ń ní kí àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà méjèèjì gbé ìgbésẹ̀ kan síwájú, kí ìlà náà lè tẹ̀ bí oṣù tuntun. Àwọn ènìyàn rò pé ẹwà ló ń ṣe. Ó ń bá gíláàsì rẹ̀ rẹ́ ni.

Kò sọ lẹ́ńsì kankan nù. 14mm tó ń tẹ ìlà yóò lọ sí ibi ẹṣin, níbi tí eruku àti ojú ọ̀run ò ti ní ìlà tó tọ́ tí ó lè bà jẹ́. Tòkúnbọ̀ tó já bọ́ á máa ya ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á sì dúró sí àárín tàbí òsì. Ọ̀tún di ti ojú ọ̀run. Ó mọ àìlera ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìyá ṣe ń mọ ti ọmọ, ó sì yan iṣẹ́ tí àìlera náà ò ní fi pa ẹnikẹ́ni lára.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà ni Òjúde Ọba. Mo rí i tó ń to ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan, ìpele ẹtù léjìká gbogbo wọn. Ó ní kí etí wá síwájú díẹ̀. Ó ya mẹ́ta. Wọ́n fẹ́ tú ká, oòrùn ti ń mú, ó gbé ọwọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má tíì lọ." Ó tẹ ojú kámẹ́rà, ó ń fẹ̀ ẹ́. Kò wo àárín. Ó lọ sí ìpẹ̀kun òsì, ó wo ojú ìyá tó kẹ́yìn, ó wo èjìká rẹ̀, ó lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀tún, ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ó tó bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló tó sọ pé, "Ẹ ṣé, ẹ̀yin ìyá mi. Ó ti pé."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje, Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà wàjà, lẹ́yìn ọdún márùndínláàádọ́rin lórí ìtẹ́. Òjúde Ọba ìkẹyìn nígbà ayé rẹ̀ ni ti ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà yẹn. Kò sí ẹni tó lè tún un to, kò sí ẹni tó lè tún un yà. Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, mo ní kí ọ̀gá jẹ́ kí n rí àwòrán ẹgbẹ́ ẹlẹ́tù yẹn. Èmi náà lọ tààrà sí ìpẹ̀kun òsì. Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín, ehín rẹ̀ ní àlàfo níwájú, òógùn sì ti yọ lókè ètè rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà ẹtù èjìká rẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń dáhùn.